Ogbó Kọ́ Ló Pa Ambe

Bàbá mi àgbà ní fọ́tò kan tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fọwọ́ kàn. Inú Bíbélì wọn ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Sójà mẹ́fà ló wà nínú fọ́tò náà, wọ́n dúró sórí ọkọ̀ ojú omi, oòrùn ń ta wọ́n lójú. Bàbá mi àgbà ni ìkejì láti ọwọ́ òsì, ẹni tí fìlà rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orúkọ ọkọ̀ náà ni NNS Ambe. Ọdún 1990 ni. Monrovia, olú ìlú Lìbéríà, ni wọ́n ń lọ.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ìjọba ti ra irú ọkọ̀ náà tuntun, tí wọ́n sọ ní NNS Kada, mo bi wọ́n pé, "Bàbá àgbà, Ambe tiyín dà?" Wọ́n pa Bíbélì dé. Wọ́n ní, "Ogbó ló pa á, ọmọ mi. Kò sí ohun tí kì í gbó." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ ọdún mélòó ni tó fi gbó?" Ìbéèrè yẹn ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa títí di òní. Wọ́n fi òwe pa mí lẹ́nu mọ́, pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo kúnlẹ̀, mo ní àkísà gan-an ni mo ń béèrè: ta ló sọ aṣọ tuntun di àkísà? Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò dáhùn.

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá mi àgbà. Wọ́n ti rí ohun tí ojú mi kò tíì rí. Síbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní gbà fún wọn, n kò sì ní gbà fún gbogbo ẹni tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn. Ogbó kọ́ ló pa Ambe. Àwa la pa á, a wá ń purọ́ mọ́ ogbó. Bí a kò bá jẹ́wọ́, a máa pa Kada náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tí à ń wí, torí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi rò pé iṣẹ́ ọkọ̀ ogun kò ju kó yìnbọn lọ. Irú Ambe kì í fi bẹ́ẹ̀ yìnbọn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ru ènìyàn àti ẹrù. Á kó sójà, mọ́tò, táǹkì ogun, oúnjẹ àti oògùn sínú, á gbé wọn la òkun kọjá, á wá forí lé etíkun fúnra rẹ̀. Bó bá ti gúnlẹ̀, á la ẹnu, ohun tó wà níkùn rẹ̀ á gba ẹnu náà jáde sórí iyanrìn. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá kọ́ èbúté sílẹ̀ dè é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé irú ọkọ̀ yìí ni orílẹ̀-èdè máa ń wá kiri nígbà tí ọ̀nà mìíràn bá ti dí, ìbáà jẹ́ ogun, ìbáà jẹ́ omíyalé, ìbáà jẹ́ àjàkálẹ̀ àrùn.

Ìlú Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti kan Ambe àti èkejì rẹ̀, NNS Ofiom. Iléeṣẹ́ Howaldtswerke ló kàn wọ́n, àwọn méjèèjì sì wọṣẹ́ lọ́dún 1979. Mítà 87 ni gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Táǹkì ogun márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó tọ́ọ̀nù 40, lè wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ MTU ti Jámánì ló ń tì í, irú ẹ̀rọ tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó lágbára. Ọ̀nì ni wọ́n ń pè ní Ofiom ní èdè Ẹ́fíìkì, ọ̀nì náà sì ni Kada ní èdè Haúsá. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ mọ ohun tó ń ṣe, torí ẹran inú omi tó tún ń rìn lórí ilẹ̀ ni ọ̀nì. Ohun tuntun ni Nàìjíríà rà, kì í ṣe tòkúnbọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mo ṣì máa padà sórí rẹ̀.

Ní 1990, ogun abẹ́lé ti gba Lìbéríà kan. Àwọn ọmọ ogun Charles Taylor ń bọ̀ láti ọ̀nà kan, ti Prince Johnson ń bọ̀ láti ọ̀nà mìíràn, Ààrẹ Samuel Doe há sínú ilé ìjọba, oúnjẹ sì ti tán ní Monrovia. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà nínú àwọn tó há síbẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ, àwọn aṣojú ECOWAS pàdé ní Banjul, wọ́n pinnu láti rán ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n pè ní ECOMOG lọ síbẹ̀. Nàìjíríà, Gánà, Gínì, Gámbíà àti Sierra Leone ló kó ọmọ ogun sílẹ̀. Ọ̀gágun Arnold Quainoo, ọmọ Gánà, ló ṣáájú wọn. Freetown ni wọ́n kó ara wọn jọ sí.

Ó rọrùn láti pinnu nínú yàrá ìpàdé. Báwo ni wọ́n ṣe máa débẹ̀? Pápákọ̀ òfurufú ńlá tó wà ní Robertsfield ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Taylor. Ọ̀nà orí ilẹ̀ láti Sierra Leone gba àárín wọn kọjá. Òkun nìkan ló kù. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1990, àwọn ọkọ̀ ECOMOG wọ Freeport, èbúté Monrovia, Ambe sì wà lára wọn. Ìbọn ń dún sí wọn láti etí omi bí wọ́n ṣe ń wọlé.

Bàbá mi àgbà ní ìró ìbọn kọ́ ni àwọn ń rántí jù. Òórùn ni. Òórùn èébì àwọn sójà tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, òórùn dísù, àti ooru inú ikùn ọkọ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí láàárín mọ́tò méjì. Wọ́n ní nígbà tí ọkọ̀ la ẹnu tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àwọn. Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ ní èbúté, àwọn mìíràn gbé ọmọ pọ̀n, àwọn mìíràn kò ní ju aṣọ ọrùn wọn lọ. Obìnrin kan fọwọ́ kan ara ọkọ̀ náà bí ẹni fọwọ́ kan ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Bí bàbá mi àgbà bá dé ibí yìí nínú ìtàn wọn, wọ́n máa ń dákẹ́. Èmi náà kì í béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ambe nígbà náà. Ó sì ní ohun kan tó ń bí mi nínú nípa oṣù kẹjọ ọdún 1990 yẹn. Oṣù yẹn kan náà ni Ààrẹ Ibrahim Babangida ṣí ọgbà àtúnṣe ọkọ̀ ogun ojú omi ní Victoria Island, l'Ékòó. Ẹ wò ó dáadáa. Lóṣù kan náà, a ní ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ohun tí òun lè ṣe, a tún ní ibi tí a lè máa gbé e lọ fún ìtọ́jú nílé wa. Kí ló tún kù tí ọkọ̀ ń wá?

Síbẹ̀, ó ti pẹ́ kí Kada tó dé lọ́dún 2022 tí kò ti sí ọ̀kan nínú Ambe àti Ofiom tó lè kó sójà lọ síbikíbi mọ́. Ọ̀tá kankan kò ju bọ́ǹbù lu Ambe. Ìjì kò gbé e lọ. A so ó mọ́ ẹsẹ̀ èbúté, a sì jẹ́ kí iyọ̀ jẹ ẹ́.

Ẹni tó bá ní ogbó ni, mo fẹ́ kó bá mi wo ọkọ̀ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tó sì ju Ambe lọ lọ́jọ́ orí. Seattle ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kàn án. Wọ́n sọ ọ́ ní USS Trenton, ó sì wọṣẹ́ lọ́dún 1971. Ó fi ọdún mẹ́jọ ṣe ẹ̀gbọ́n Ambe. Ó tún gùn tó Ambe méjì, torí mítà 173 ni.

Lóṣù kìíní ọdún 1991, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Ambe wọ Monrovia, irú ọ̀ràn Lìbéríà yẹn bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà kejì Áfíríkà. Ìjọba Siad Barre ń wó lọ ní Sòmálíà, àwọn ènìyàn sì há sí ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Mogadishu. Wọ́n rán Trenton àti USS Guam lọ. Ọkọ̀ náà kò tíì sún mọ́ ìlú rárá, ó ṣì ku ohun tó ju kìlómítà 800 lọ, nígbà tí hẹlikọ́pítà méjì gbéra lórí Trenton lóru ọjọ́ karùn-ún oṣù náà. Ojú òfurufú ni wọ́n ti ń rọ epo sí wọn nínú. Ilẹ̀ mọ́ bá wọn ní Mogadishu. Ènìyàn 281 ni wọ́n kó jáde kí iṣẹ́ náà tó parí, láti nǹkan bí ọgbọ̀n orílẹ̀-èdè. Ẹni ogún ọdún ni Trenton nígbà náà.

Lọ́dún 2006 ó tún wà lára àwọn ọkọ̀ tó lọ kó ọmọ Amẹ́ríkà kúrò ní Lẹ́bánọ́ọ̀nù nígbà tí ogun dé. Lọ́dún 2007, Amẹ́ríkà ní ó ti tó gẹ́ẹ́. Wọ́n tà á fún Íńdíà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 48 dọ́là. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Bó bá jẹ́ ènìyàn ni, a ó ní ó ti bí ọmọ, ọmọ ti wọ ilé-ìwé. Íńdíà yí orúkọ rẹ̀ padà sí INS Jalashwa. Ẹran tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní èdè wọn àtijọ́ ni àwa ń pè ní erinmi. Tiwọn ni "ẹṣin omi," tiwa ni "erin inú omi". Ó jọ pé kò sẹ́ni tó rí ẹran yẹn tí kò wá orúkọ ẹran orí ilẹ̀ fún un.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé lọ́dún 2020, tí bàálù kò fò mọ́, tí wọ́n ti wá mọ́lé bí adìyẹ tí wọ́n dé mọ́ abẹ́ agbọ̀n, Jalashwa lọ sí Malé ní erékùṣù Maldives, ó sì kó ọmọ Íńdíà 698 wálé sí Kochi lóṣù karùn-ún. Aboyún mọ́kàndínlógún wà nínú wọn. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni ọkọ̀ náà. Lọ́dún 2024, ó ṣì bá àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ṣe ìdánrawò, àwọn tí wọ́n tà á ní tòkúnbọ̀ lọ́dún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn.

Mo ka èyí fún bàbá mi àgbà láti orí fóònù mi. Wọ́n ní kí n tún un kà.

N kò sọ pé Íńdíà kò ṣe àṣìṣe o. Lóṣù kejì ọdún 2008, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọdún kan tí wọ́n rà á, gáàsì olóró jò nínú Jalashwa, ó sì pa àwọn ọmọ ogun kan. Àwọn olùṣàyẹ̀wò ìnáwó ìjọba wọn tún bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe rà á, wọ́n ní wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí wọ́n tó sanwó. Mo sọ èyí torí pé ẹni tó ń jiyàn tó fi ẹ̀gbẹ́ kan pamọ́, ojú ń tì í ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó béèrè, ó béèrè, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé kà. Ta ló kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa Ambe?

Àwọn kan máa ní Íńdíà lówó. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi Íńdíà sílẹ̀. Filipínì kì í ṣe orílẹ̀-èdè olówó. Wọ́n ní ọkọ̀ kan tí Amẹ́ríkà kàn lọ́dún 1944 fún Ogun Àgbáyé Kejì, tó sì kọ́kọ́ kọjá lọ́wọ́ Vietnam kó tó dọ́wọ́ wọn. Irú Ambe gan-an ni, ọkọ̀ tó ń la ẹnu ní etíkun. Ní 1999, nígbà tó ti pé ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e gun orí òkúta inú òkun kan tí wọ́n ń bá China jà lé lórí. Ara rẹ̀ ti dógùn-ún báyìí, ó ti lu jára, síbẹ̀ sójà wọn ṣì ń gbé inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì pé ibẹ̀ jẹ́ tiwọn. Sierra Madre lorúkọ rẹ̀. Ìpẹtà tiwọn pàápàá ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó le jù tí bàábá mi àgbà gbé kò mí lójú ni ti òfin àwọn òyìnbó. Wọ́n ní, "Ìwọ ò tíì dáyé nígbà Abacha." Òótọ́ ni. Lẹ́yìn tí ìjọba Sani Abacha pa Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn lóṣù kọkànlá ọdún 1995, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de títa ohun ìjà ogun fún Nàìjíríà. Bí ẹ̀rọ rẹ bá ti Jámánì wá, tí Jámánì sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, ibo lo ti fẹ́ rí ẹ̀yà rẹ̀ rà? Náírà náà sì ti wó ṣáájú ìgbà yẹn. Mo lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó rí èsì fún wọn. Èsì mi ni pé láti 1979 sí 1995, ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìjọba alágbádá dé lọ́dún 1999, òfin náà sì kúrò. Láti ìgbà náà sí 2022, ọdún mẹ́tàlélógún. Ọdún mẹ́rin péré ni ìlẹ̀kùn fi wà ní títì. Ta ló ti i fún ọdún mọ́kàndínlógójì tó kù?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì ní kí wọ́n má tilẹ̀ ra ọkọ̀ mọ́, kí wọ́n fi owó rẹ̀ kọ́ ilé-ìwé. N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹni tó bá ń ronú nípa ilé-ìwé ló yẹ kínú bí jù, torí owó ọkọ̀ kan la ń san lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń pa ọkọ̀, torí kì í ṣe ohun àwámárìídìí. A kọ́ ọ nínú Kẹ́mísírì. Irin, omi àti atẹ́gùn bá pàdé, irin á dógùn-ún. Bí iyọ̀ bá wà nínú omi náà, á yá kánkán. Àwọn akànkọ̀ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń so zinc mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi. Zinc yìí ni omi òkun á máa jẹ dípò irin ọkọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fi egungun há ajá lẹ́nu kó má bàa bu ẹsẹ̀ òun jẹ. Bí zinc náà bá tán tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ rẹ̀, ara ọkọ̀ gan-an ló kàn. Lẹ́yìn èyí, àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun á lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di wúwo. Ó gbọ́dọ̀ jáde kúrò lómi ní ọdún díẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n lè ha ìdí rẹ̀, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, kí wọ́n wo ibi tí irin ti fẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ nílò epo tuntun. Rọ́bà tó ń dí omi lójú ilẹ̀kùn ẹnu rẹ̀ máa ń gan. Kò sí èyí tó nílò òyìnbó nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan NNS Andoni ní ọgbà àtúnṣe l'Ékòó yẹn, Ààrẹ Goodluck Jonathan sì fi í lọ́lẹ̀ lọ́dún 2012. Ṣé ẹni tó lè kan ọkọ̀ ogun látìbẹ̀rẹ̀ dópin ni kò lè pààrọ̀ zinc?

Ọwọ́ wa mọ iṣẹ́. Ohun tí kò sí ni ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún epo. Mo mọ ilé-ìwé kan dáadáa, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n ra jẹnẹrétọ̀ ńlá fún. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í lọ́lẹ̀, àwọn àlejò wọ agbádá funfun, a jó, a jẹ ìrẹsì, wọ́n gé rìbọ́n pupa, fọ́tò ọjọ́ náà ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì. Jẹnẹrétọ̀ náà ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́tàlá. Nígbà tó dákẹ́, mẹkáníìkì tí wọ́n pè tú u wò, ó ní epo tó wà nínú rẹ̀ ni epo tó bá a dé láti ìbẹ̀rẹ̀. Epo yẹn ti di bí ọ̀dà. Owó láti ra jẹnẹrétọ̀ wà, owó àsè wà, owó rìbọ́n wà. Kò sí ẹni tó fi gálọ́ọ̀nù epo kan sínú ìwé. Lónìí, adìyẹ obìnrin olùtọ́jú ọgbà ló ń yé sábẹ́ rẹ̀, àwọn olùkọ́ wa kan sì ń sọ pé ó ti gbó.

Ohun tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ yẹn ló wà nínú Ambe. Ìyàtọ̀ wọn kò ju títóbi lọ.

Kada wá dé. Sharjah, ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ni iléeṣẹ́ Damen ti kàn án. Mítà 100 ni gígùn rẹ̀. Ó dé Èkó lóṣù karùn-ún ọdún 2022, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọ aṣọ funfun pàdé rẹ̀, ó sì dùn mọ́ èmi náà. Kò pẹ́ tó dé tó fi kó ẹrù àwọn ọmọ ogun ECOWAS lọ sí Guinea-Bissau. Mo gbọ́ èyí, orí mi wú, torí bí Ambe ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ fún aládùúgbò. Lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí, torí bí Ambe ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ẹnu tí ìjọba fi sọ iye tí wọ́n ra ọkọ̀ ni kí wọ́n fi sọ iye tí wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún, kó sì wà nínú ìwé ìṣúná ní orúkọ ọkọ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má lè kó o pọ̀ mọ́ owó mìíràn. Kí àwọn aṣòfin tó ń lọ yẹ èbúté àwọn ọmọ ogun ojú omi wò, tí wọ́n ń ya fọ́tò pẹ̀lú ọ̀gágun, béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo kí wọ́n tó jẹun: ọjọ́ wo ni Kada jáde kúrò lómi kẹ́yìn? Bí wọn kò bá rí èsì, kí wọ́n má jẹun. Wọ́n máa sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ààbò ni, àṣírí ni. Àṣírí wo? Amẹ́ríkà, tí ọ̀tá rẹ̀ ju tiwa lọ, máa ń kéde ní gbangba iye tí wọ́n fẹ́ fi tún ọkọ̀ ogun ṣe àti iléeṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà. Ọ̀tá wo ni kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí ọkọ̀ tó ń dógùn-ún ní ọ̀sà Èkó? Àwa tó ni owó nìkan ni wọ́n ń fi àṣírí yìí pa mọ́ fún.

Mo ka àròkọ yìí fún bàbá mi àgbà kí n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n fetí sílẹ̀ dópin. Wọ́n ní mo le ju bó ṣe yẹ lọ níbi ọ̀rọ̀ "àwa la pa á," pé àwọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Mo ní èmi náà kò sí níbẹ̀ sà, ṣùgbọ́n mo ti kọ "àwa," mi ò sì ní pa á rẹ́. Wọ́n ṣí Bíbélì, wọ́n yọ fọ́tò náà jáde, wọ́n nà án sí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo máa fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà ara ọkọ̀ náà ń dán. Kò sí ìpẹtà kan lára rẹ̀.

Lọ́dún 2033, Kada máa pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, iye ọdún tí Ambe jẹ́ lọ́jọ́ tó wọ Monrovia. Mo ti kọ ọdún náà sí ẹ̀yìn ìwé Kẹ́mísírì mi. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí mi sí, máa wọ mọ́tò lọ sí Èkó lọ́dún náà láti lọ wo ìdí rẹ̀.